Láptọ́ọ̀pù yín ò tíì kú o, ẹ kọ́kọ́ gbé Linux wò

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìbéèrè kan ò ti jẹ́ kí n gbádùn mọ́. "Bọ̀dá, wọ́n ní Windows 10 ti kú, ṣé kí n lọ ra láptọ́ọ̀pù míì ni?" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Tanke níbí ní Ìlọrin ló ń bi mí jù torí àwọn ni pùrójẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn wọn, àmọ́ àwọn tíṣà náà ń bi mí, àwọn alfa tó ń fi láptọ́ọ̀pù tẹ ìwé ilé kéwú wọn náà ń bi mí, kódà ìyá kan tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lápá Òkè-Òdó pè mí láago mọ́kànlá alẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo kọ́kọ́ rò pé nǹkan ṣe ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ ká mú un níkọ̀ọ̀kan. Windows 10 ò kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft ò fún un ní àtúnṣe ọ̀fẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àyàfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan tí wọ́n gbé kalẹ̀. Láptọ́ọ̀pù yín á ṣì máa tàn, Word á ṣì máa ṣí, ṣùgbọ́n ihò tí àwọn olè bá rí lára ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó máa bá yín dí i. Ibi tó wá ti le ni pé Windows 11 tí wọ́n ní ká kó lọ yẹn, ó ń yan láptọ́ọ̀pù. Ó fẹ́ nǹkan ààbò kan tó ń jẹ́ TPM 2.0, tó bá sì jẹ́ ṣíìpù Intel ló wà nínú ẹ̀, ìran kẹjọ (8th gen) lọ sókè ló fẹ́. Ẹ wá wo àwọn tòkúnbọ̀ tó kún ìgboro Ìlọrin, EliteBook, Latitude, ThinkPad, èyí tí àwọn ọ́fíìsì òyìnbó ti lò tẹ́rùn kó tó wọ Èkó kó tó dé Challenge níbí, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló jẹ́ 4th gen, 5th gen, 6th gen. Láptọ́ọ̀pù gidi ni o, irin ni wọ́n fi ṣe ara òmíì nínú ẹ̀, ó kàn jẹ́ pé Microsoft ní ọjọ́ orí ẹ̀ ti pọ̀ jù ni.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe kẹ́ ẹ tó náwó, tàbí kẹ́ ẹ tó gbé e lọ fún ẹni tó máa fọ́mátì ẹ̀ pẹ̀lú Windows crack tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí wọ́n kó sínú ẹ̀. Ẹ gbé Linux, sọ́fíwià ọ̀fẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, wò láti orí fíláàṣì. Ẹ ò ní yọ nǹkan kan, ẹ ò ní pa nǹkan kan rẹ́, tí kò bá wù yín ẹ yọ fíláàṣì, ẹ tan láptọ́ọ̀pù padà, Windows yín wà níbi tó wà. Gbogbo àlàyé tó kù nínú ìwé yìí, kẹ́rù má bà yín láti ṣe ìyẹn ni.

Operating system, fún ẹni tí ò bá yé, ni sọ́fíwià àkọ́kọ́ tó ń jí nígbà tẹ́ ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, òun ló ń bá kíbọ́ọ̀dù, sikirín, háàdì dísíìkì àti íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ kí àwọn bíi Word àti Chrome tó rí ibi dúró sí. Windows jẹ́ ọ̀kan. Mac tó wà lórí kọ̀ǹpútà Apple jẹ́ ọ̀kan. Linux náà jẹ́ ọ̀kan, àmọ́ ohun tó fi yàtọ̀ ni pé gbogbo kóòdù tí wọ́n fi kọ ọ́ (àṣẹ tí àwọn tó ṣe é kọ fún kọ̀ǹpútà) wà ní gbangba, ẹni tó bá wù ú lè kà á, lè tún un ṣe, lè dà á kọ, lè fún aládùúgbò ẹ̀, òfin tó dè é gan-an ló sọ pé kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì ti ń lò ó láìmọ̀ o. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, tó bá jẹ́ Tecno, Infinix, itel tàbí Samsung, Android ló wà lórí ẹ̀, ọkàn Linux (apá àárín gbùngbùn ẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní kernel) ló sì wà nínú Android. Àwọn kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù láyé tí wọ́n máa ń to orúkọ wọn jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, láti oṣù kọkànlá ọdún 2017 gbogbo wọn pátá ló ń lo Linux. Torí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé nǹkan àwọn hacker ni, ẹ bi í pé fóònù wo ló fi ń lo WhatsApp.

Ìtàn ẹ̀ dùn, màá gé e kúrú. Ní 1983, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Richard Stallman, kéde iṣẹ́ kan tó pè ní GNU. Inú ń bí i pé sọ́fíwià tí àwọn èèyàn máa ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ara wọn tẹ́lẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ ti ń tì í pa, pé bí pùríńtà ọ́fíìsì bá tiẹ̀ ń ṣe kúrákúrá, èèyàn ò lè rí kóòdù ẹ̀ tún ṣe. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá ń kọ irinṣẹ́ lóríṣiríṣi jọ, wọ́n sì kọ ìwé àdéhùn tí wọ́n ń pè ní GPL, tó sọ pé ẹ lè lò ó, ẹ lè yí i padà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fún ẹlòmíì, ẹ fún òun náà ní irú àǹfààní tí wọ́n fún yín. Ohun tó kù tí iṣẹ́ wọn ò tíì ní ni ọkàn gan-an tó máa so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ọmọ ọdún 21 kan tó ń kàwé ní yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds, fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn pé òun ń kọ operating system kékeré kan, eré ọwọ́ dilẹ̀ lásán ni, kò ní di nǹkan ńlá. Kò di nǹkan ńlá lóòótọ́! Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó gbé e sábẹ́ GPL, ayé sì gbé e lọ́wọ́ ẹ̀, tàbí ká ní ayé bá a gbé e, torí títí di òní òun ṣì ni olórí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀.

Ká sọ ọ́ dáadáa, ọkàn yẹn nìkan ló ń jẹ́ Linux. Ibi tó máa ń dà wọ́n láàmú rèé: wọ́n á dé Google, wọ́n á rí Ubuntu, Mint, Fedora, Debian, Zorin, wọ́n á ní èwo tiẹ̀ ni Linux nínú gbogbo ẹ̀? Ẹ wò ó bíi wàrà. Mílíìkì màlúù kan náà lẹ́ fi ń ṣe èyí tó rọ̀ tí wọ́n ń tà nínú omi ẹ̀, òun náà lẹ́ ń dín tẹ́ ẹ̀ ń fi ata sí, òun náà làwọn Fúlàní fi ń ṣe nọ́nọ̀. Gbogbo wọn wá látara màlúù, àmọ́ ọwọ́ tó ṣe é àti ẹnu tó máa jẹ ẹ́ yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn Ubuntu àti Mint yẹn ṣe mú ọkàn kan náà, tí wọ́n wá kó sọ́fíwià tó wù wọ́n lé e, ojú tó wù wọ́n, àwọ̀ tó wù wọ́n.

Debian ti wà láti 1993, ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ló ń ṣe é. Ubuntu jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2004, orí Debian ni wọ́n kọ́ ọ lé, Mark Shuttleworth ọmọ South Africa ló dá a sílẹ̀, òun yìí ló kọ́kọ́ lọ sí gbalasa òfuurufú nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, ní 2002. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wọ́n, iléeṣẹ́ ẹ̀ máa ń fi CD Ubuntu ránṣẹ́ síni nípasẹ̀ pósítì lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò gba kọ́bọ̀, wọ́n ṣe é títí di 2011. Linux Mint náà bẹ̀rẹ̀ ní 2006, orí Ubuntu lòun jókòó sí. Ṣé ẹ rí i, ẹnì kan ń kọ́ lé tẹnì kan, kò sì sẹ́ni tó pe ẹnì kejì lẹ́jọ́.

"Tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, báwo ni wọ́n ṣe ń jẹun?" Àlàájì kan ló bi mí báyìí, oníṣòwò ni, ìbéèrè ẹ̀ sì mọ́gbọ́n dání. Iṣẹ́ ìtọ́jú ni wọ́n ń tà fún iléeṣẹ́ ńláńlá. Báǹkì tàbí iléeṣẹ́ tẹlifóònù tó bá ń lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ò ní fẹ́ kó bà jẹ́ lóru kó má rẹ́ni pè, á sanwó fún ẹni tó máa dá a lóhùn. Owó ibẹ̀ ò kéré, ní 2019 IBM fi bílíọ̀nù 34 dọ́là ra Red Hat, iléeṣẹ́ tó jẹ́ pé orí sọ́fíwià tí gbogbo ayé lè rí kóòdù ẹ̀ ló jókòó lé. Intel, Google àtàwọn míì náà ń sanwó oṣù fáwọn èèyàn tó ń kọ ọkàn Linux torí àwọn náà ń lò ó. Èmi àti ẹ̀yin tó ní láptọ́ọ̀pù kan nínú yàrá, ara àsè yẹn là ń jẹ.

Ìbéèrè kejì tí wọ́n máa ń bi mí ni pé tí gbogbo ayé bá ń rí kóòdù ẹ̀, ṣé olè ò ní rí i ni? Olè máa rí i o. Ní 2024 ọ̀kan tiẹ̀ wọlé dáadáa. Sọ́fíwià kékeré kan wà tó ń jẹ́ xz, tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí Linux tí kò sí nínú ẹ̀. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Jia Tan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jẹ́ títí di òní, fi ohun tó lé lọ́dún méjì bá ẹni tó ń tọ́jú xz ṣiṣẹ́, ó ń ṣe dáadáa, ó ń ran án lọ́wọ́, títí wọ́n fi fọkàn tán an, ó wá dọ́gbọ́n fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ẹ̀, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láti wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíì. Ẹni tó tú u fó ni Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft ni, ẹ máa rẹ́rìn-ín! Ohun tó rí ò ju pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà tó fi ń dán nǹkan wò ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ìdajì sẹ́kọ́ńdù. Ìdajì sẹ́kọ́ńdù o, àwa tó jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù wa ń háàńgì fún ìṣẹ́jú márùn-ún tá a ní ìwà ẹ̀ ni. Ó tọpa ẹ̀ títí ó fi dénú kóòdù, ó kéde ẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024, kí ọjọ́ náà tó pé wọ́n ti ń yọ ọ́ kúrò kó tó dé ọ̀dọ̀ àwa tó pọ̀ jù. Ká ní kóòdù yẹn wà ní títì pa ni, mi ò mọ ibi tí Freund ì bá tọpa ẹ̀ dé. Ẹ gbé e yẹ̀ wò fúnra yín, èmi ti mọ ibi tí mo dúró sí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Windows, Linux Mint ni mo máa ń ní kó mú, mi ò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀. Ó ní bọ́tìnnì kan nísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì bíi Start, àgógó wà lọ́wọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀, ojú ò ní ṣàjèjì. Oríṣi mẹ́ta ló ní, Cinnamon, MATE àti Xfce. Tí RAM yín (àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) bá jẹ́ 4GB lọ sókè, Cinnamon ò burú, tó bá jẹ́ 2GB tàbí láptọ́ọ̀pù náà ti gbó gan-an, Xfce ni kẹ́ ẹ mú, kò wúwo. Orí ìkànnì linuxmint.com fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbé e, ẹ má gbé e nínú Telegram ẹnikẹ́ni. Fáìlì yẹn tó nǹkan bíi 3GB, ISO ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá ń ra dátà aláalẹ́ ó mọ ohun tó máa ṣe.

Ẹ máa nílò fíláàṣì 8GB tí kò sí nǹkan pàtàkì lórí ẹ̀, torí gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ máa lọ. Tẹ́ ẹ bá kàn kọ́ọ̀pì ISO yẹn sórí fíláàṣì bẹ́ẹ̀ẹ́ bí ẹni kọ́ọ̀pì fíìmù, kò ní ṣiṣẹ́, ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń rò pé Linux ò dáa. Sọ́fíwià kékeré kan wà tó ń jẹ́ Rufus, òmíì ń jẹ́ balenaEtcher, ọ̀fẹ́ làwọn méjèèjì, ẹ máa yan ISO, ẹ máa yan fíláàṣì, ẹ máa tẹ Start (nínú balenaEtcher, Flash ni), ẹ lọ bu omi mu, kẹ́ ẹ tó dé ó ti fẹ́ parí.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ pa láptọ́ọ̀pù pátápátá, ẹ fi fíláàṣì sí i lára, ẹ tàn án, bó ṣe ń tàn báyìí kẹ́ ẹ ti máa tẹ kọ́kọ́rọ́ kan tẹ̀ tẹ̀ tẹ̀. Tó bá jẹ́ HP, Esc ni ká tó tẹ F9, tó bá jẹ́ Dell, F12 ni, Lenovo náà F12 (òmíì á ní kẹ́ ẹ di Fn mú mọ́ ọn). Ìwé kan á yọ sójú sikirín dúdú, orúkọ háàdì dísíìkì yín á wà níbẹ̀, orúkọ fíláàṣì náà á wà níbẹ̀, bíi SanDisk tàbí USB nǹkan kan. Fíláàṣì ni kẹ́ ẹ yàn. Tó bá ti kọjá lára yín tí ẹ rí àmì Windows, ẹ má bínú, ẹ pa á, ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ìka yín ló lọ́ra. Lẹ́yìn náà Start Linux Mint á yọ, ẹ tẹ Enter. Òkùnkùn lè ṣú díẹ̀, ọ̀rọ̀ funfun lè máa sáré kọjá, ẹ má yọ nǹkan kan o, kò pẹ́ tí ojú ẹ̀ á fi là.

Ẹ ti wà lórí Linux nìyẹn. Orí fíláàṣì ló ti ń ṣiṣẹ́ nínú RAM yín, kò fọwọ́ kan háàdì dísíìkì. Àmì kan máa wà lójú ẹ̀ tó ń jẹ́ Install Linux Mint, ẹ gbójú kúrò lára ẹ̀ fún òní. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ dán gbogbo ara láptọ́ọ̀pù yín wò bí ẹni fẹ́ ra tòkúnbọ̀. Ẹ so ó mọ́ Wi-Fi, hotspot fóònù yín náà tó. Ẹ ṣí Firefox, ẹ wo fídíò, ẹ gbọ́ bóyá ohùn ń jáde. Ẹ dín iná sikirín kù, ẹ mú un tàn padà. Ẹ wo kámẹ́rà. Ẹ pa á dé kẹ́ ẹ tún ṣí i, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó ń jí. Ẹ fi pùríńtà sí i tẹ́ ẹ bá ní, pàápàá HP, òmíì á kàn dá a mọ̀ láìbi yín ní CD. Tí Wi-Fi ò bá jáde, ó sábà máa ń jẹ́ pé káàdì Broadcom ló wà nínú ẹ̀, ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering, ẹ ṣí Driver Manager kó wá ohun tó sọnù. Bó ṣe ń falẹ̀ díẹ̀ yẹn, fíláàṣì ló fà á, tó bá dórí SSD, ìyẹn háàdì dísíìkì tó yára, ẹ̀yin náà á rí i. Tẹ́ ẹ bá sì pa á, gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ á pòórá, torí náà ẹ má lọ tẹ pùrójẹ́ẹ̀tì yín lórí ẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń mú kí àwọn èèyàn gbà lójú ẹsẹ̀, mi ò tiẹ̀ ní wàásù mọ́. Ẹ mọ fáírọ́ọ̀sì tó wọ́pọ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, tẹ́ ẹ bá ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà wọn, tẹ́ ẹ délé, gbogbo fódà yín á ti di shortcut, ẹ tẹ̀ ẹ́, kò ṣí? Ìyá Òkè-Òdó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ọmọ kan ti ń sunkún níwájú ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ síbẹ̀, ó ní chapter mẹ́rin ló ti lọ. Mo fi fíláàṣì Mint tan ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà wọn, mo ki fíláàṣì ọmọ náà bọ̀ ọ́, mo tẹ Ctrl pẹ̀lú H kó gbé ohun tó pamọ́ jáde, fódà kan tí kò lórúkọ yọ, gbogbo chapter wà nínú ẹ̀ pérépéré. Fáírọ́ọ̀sì náà jókòó síbẹ̀ bíi fáìlì lásán, torí Windows ni wọ́n kọ ọ́ fún, kò lè jí lórí Linux. A kó iṣẹ́ ẹ̀ sọ́tọ̀, a pa ìyókù rẹ́. Ìyá ní, "Ẹ fi fíláàṣì yẹn sílẹ̀ fún mi jàre, bọ̀dá." Mo fi í sílẹ̀ fún wọn. Mi ò ní fáírọ́ọ̀sì Linux ò sí láyé o, ó wà, àwọn tí wọ́n ń kọ ọ́ fún sábà máa ń jẹ́ sáfà ńláńlá (kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tó ń gbé ìkànnì), àmọ́ èyí tó ń gba orí fíláàṣì rìn kiri Tanke, Windows ló ń wá.

Wàyí o, ta ni kó má tíì kó lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi CorelDRAW ṣe bánà àti káàdì ìgbéyàwó ní Taiwo Road, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà, CorelDRAW ò ṣe ti Linux jáde mọ́, Photoshop náà ò ṣe. Inkscape àti GIMP wà tó lè rọ́pò wọn, wọ́n dáa, àmọ́ oníbàárà tó gbé fáìlì CorelDRAW (CDR) wá ò ní tẹ́tí sí ìtàn yín. Akáúńtáńtì tí ọ́fíìsì ẹ̀ ń lo Peachtree, bákan náà. Ẹni tó fẹ́ràn gẹ́ẹ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó kọ́kọ́ wádìí gẹ́ẹ̀mù tiẹ̀, òmíì á ṣiṣẹ́, òmíì á lé e jáde. Irú yín lè fi méjèèjì sórí láptọ́ọ̀pù kan, tẹ́ ẹ bá tàn án á bi yín èwo lẹ fẹ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? LibreOffice ti wà lórí ẹ̀, ó ń ṣí fáìlì Word, ó sì ń fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi Word. Ibi tó ti lè dá yín lágara ni táblì àti nọ́ńbà ojú ìwé, ó lè sún díẹ̀ tó bá dé orí Word súpáfáísọ̀ yín. Times New Roman kì í bá a wá, Liberation Serif ló máa fi rọ́pò ẹ̀, wọ́n dìídì ṣe é kí lẹ́tà ẹ̀ gba àyè kan náà kí ìlà má bàa yí padà. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde, ẹ sọ ọ́ di PDF látilé, bó ṣe rí lójú yín náà ló máa rí lórí ìwé. Èyí tí súpáfáísọ̀ fẹ́ kọ nǹkan sínú ẹ̀, ẹ lo Word orí íntánẹ́ẹ̀tì nínú Firefox, kò gbówó.

Tó bá ti wù yín tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e sórí láptọ́ọ̀pù gan-an, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí torí òun nìkan ló léwu nínú gbogbo ohun tí mo sọ. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo nǹkan yín síbòmíì, fọ́tò, sáfíkéètì, pùrójẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹ̀. Ẹ wò ó nínú Windows bóyá BitLocker (àgádágodo tí Windows fi ń ti háàdì dísíìkì) wà ní títàn, tó bá wà, ẹ wá recovery key ẹ̀ nínú akáúńtì Microsoft yín kẹ́ ẹ kọ ọ́ síwèé, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Windows lè ti ilẹ̀kùn mọ́ yín síta. Ẹ pa Fast Startup (ètò tí Windows fi ń yára tàn) níbẹ̀ náà. Tó bá wá dé ojú ìwé tó ń bi yín bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kó wọlé, "Install alongside" ló máa fi Windows sílẹ̀, "Erase disk" ló máa nù ún nù pátá pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá yín sọ̀rọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ èyí. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún o, tàbí kẹ́ ẹ tan jẹ́ń, torí ẹ mọ bí iná ìlú wa ṣe ń ṣe, kò dáa kó lọ láàárín.

Tó bá wọlé tán, Update Manager ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. Sọ́fíwià míì, inú Software Manager lẹ ti máa mú un, bíi Play Store ni, VLC wà níbẹ̀, Telegram wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìka jó lè ṣí terminal, ojú ìwé tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kó kọ sudo apt update, kó tẹ Enter, kó kọ sudo apt install vlc. Páásíwọọ̀dù tó máa béèrè ò ní hàn lójú sikirín bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ìràwọ̀ nìkan lẹ lè rí, tàbí kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan rárá, kíbọ́ọ̀dù yín ò bà jẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tẹ Enter. Ẹ má sì kọ́ọ̀pì àṣẹ tẹ́ ẹ rí lórí Facebook sínú terminal láìmọ ohun tó ń ṣe. Ẹ lè lo Mint lọ́dún gbọọrọ láìṣí terminal rárá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín.

Èyí tó dùn mọ́ èmi nínú jù, kíkọ Yorùbá tó lámì. Ẹ lọ sí Keyboard, Layouts, ẹ máa rí Yoruba nínú àwọn tẹ́ ẹ lè fi kún un. Àmọ́ èmi, Compose ni mo ń lò, nínú Options níbẹ̀ náà lẹ ti máa yan kọ́kọ́rọ́ kan tí yóò jẹ́ Compose, Alt ọwọ́ ọ̀tún ni tèmi. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, tí mo tẹ àmì ! tí mo wá tẹ e, ẹ á jáde. Pẹ̀lú o, ọ á jáde, pẹ̀lú s, ṣ á jáde. Tí mo bá fi àmì ' rọ́pò !, tí mo tẹ a, á ló máa fún mi. Mi ò fi sọ́fíwià kankan kún un. Bí mo ṣe tẹ gbogbo èyí nìyí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́ tàbí Malete, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí 3GB gbé, ẹ bi nínú kíláàsì yín, ẹnì kan á ti ní ISO yẹn. Ẹ mú fíláàṣì lọ bá a, kó fún yín, ẹ̀yin náà ẹ fún ẹlòmíì, kò sí crack nínú ẹ̀, kò sí olè níbẹ̀, ìwé àdéhùn ẹ̀ gbà yín láyè. Kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ sáà bá mi ṣírò SHA256 ẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé èyí tó wà lórí ìkànnì Mint, nọ́ńbà àti lẹ́tà gígùn kan báyìí tí wọ́n fi ń dá fáìlì mọ̀ ni. Tó bá bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, fáìlì náà pé, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà. Tí ẹyọ lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ pa á rẹ́, ẹ lọ gba òmíì.